Kùrukùru Ọjọ́rú

Ọjọ́ kẹfà tí wọ́n ti dó ti Láyìn Kùsà ni ìrẹsì tán. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ife gaàrí kan ni èèyàn mẹ́ta ń pín.

Àdúgbò kékeré kan lẹ́yìn Anglo Jos ni Láyìn Kùsà, ibi tí àwọn awakùsà ayé òyìnbó kọ́ ilé páànù wọn sí. Ìdílé tó lé ní ogójì ló ń gbé ibẹ̀ kí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nílùú Jọ́ọ̀sì lóṣù kẹsàn-án ọdún náà. Àwọn tó tètè fura ti sá gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tó kù kò ju mẹ́tàléláàádọ́ta lọ. Wọ́n kó ara wọn jọ sínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan, nítorí pé òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, iná ò sì lè tètè ràn án.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ àdúgbò náà. Àwọn jàǹdùkú ti fi táyà tó ń jó dí ti Anglo Jos. Wọ́n ti wó afárá tó jáde sí títì ńlá. Èyí tó kù ni ọ̀nà àwọn awakùsà, tó gba àárín àwọn adágún tí òyìnbó gbẹ́ sílẹ̀ kọjá, tó sì já sí Rayfield, níbi tí àwọn sójà ti ń gba àwọn tó sá àsálà sínú ọgbà iléèwé kan. Ẹnikẹ́ni ò dí ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n òkè iyanrìn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdọ̀tí tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ láyé ọjọ́un, àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tó gbé ìbọn dání sì jókòó sórí rẹ̀. Ohun tó bá gba ìsàlẹ̀ kọjá, ì báà jẹ́ ajá, wọ́n á rí i. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á dáná sójú ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lára àwọn mẹ́tàléláàádọ́ta yìí ni Falilat wà, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tó ń ta ata àti tòmátì gbígbẹ. Ẹni tó bá ń sá ata ní Jọ́ọ̀sì tí kò mọ ojú ọ̀run kà, ata rẹ̀ á jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọládiípọ̀ baba rẹ̀, tó bá rélùwéè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ́ ọ. Baba náà kó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ wá láti ilé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbẹ̀ Bẹ̀róòmù àti àwọn darandaran rìn, ó kó tiwọn náà mọ́ ọn. "Bí èèrà bá ń kó ẹyin gun ògiri, palẹ̀ ata mọ́." "Bí òkè Shere bá súnmọ́ ọ láàárọ̀, òjò á bá ọ jẹun ọ̀sán." "Èéfín tó bá ń wọ́ nílẹ̀ bí ejò, omi ló ń wá." Falilat mọ gbogbo wọn lórí, bí ọmọ iléèwé ṣe ń mọ ìṣirò. Ní Láyìn Kùsà, obìnrin kan kì í sá aṣọ lọ́jọ́ àríyá láìkọ́kọ́ yọjú sí i pé, "Hájíà, báwo ni ọ̀run ṣe wí?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí òjò ọ̀sán dá, àwọn àgbà pe ìpàdé sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí náà. Akínyẹmí ló jókòó sí àárín. Òun ni olórí fìjílántè àdúgbò, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, tó ga, tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Òun nìkan ló ní ọkọ̀ akẹ́rù tí iná ò tíì jó. Àbúrò ọkọ Falilat ni. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí Falilat wọlé ọkọ, ìyá rẹ̀ sì kú lọ́dún yẹn gan-an. Falilat ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń mú un dé iléèwé. Ọkọ Falilat náà kú lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, síbẹ̀ obìnrin náà kò padà sílé baba rẹ̀, nítorí ọmọ yìí. Bí ìyàwó ilé kì í ti í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Adúmáadán ló ń pè é. Akínyẹmí náà kò pè é ní ìyàwó rí. Ìyáàmi ló ń pè é.

Sójà Richard ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, orúnkún kan ò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

"Ìbọn ṣakabùlà márùn-ún la ní," ó ní. "Ètù tó wà nílẹ̀ ò lè yìn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wallahi, tá a bá ní ká jà, a ò ní pẹ́ tán. Ọ̀nà adágún nìkan ló kù, àwọn tó wà lórí òkè yẹn ò sì gbọdọ̀ rí wa."

"Báwo wá ni wọn ò ṣe ní rí wa?" Mùsílíù mẹkáníìkì bi í. "Èèyàn àádọ́ta, àti arúgbó, àti Súmbọ̀ tó fẹ́ bímọ?"

"Kùrukùru," ni Sójà Richard wí. "Irú èyí tí èèyàn ò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Falilat. Ó ní òun ò ní tíì sọ nǹkan kan, kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ìrọ̀lẹ́ ná, torí pé ìrọ̀lẹ́ ló máa ń sọ bí àárọ̀ ṣe máa rí.

Kí wọ́n tó túká, wọ́n búra. Ẹni tó ní Kùránì gbé ọwọ́ lé Kùránì, ẹni tó ní Bíbélì gbé ọwọ́ lé Bíbélì, lẹ́yìn náà gbogbo wọn fi ìka kan ilẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ọjọ́ kan náà ni gbogbo àwọn máa jáde, pé ọkọ̀ Akínyẹmí á gbé àwọn tí kò lè rìn, àwọn yòókù á sì rìn yí ọkọ̀ náà ká. Akínyẹmí ló búra kẹ́yìn.

"Èmi Akínyẹmí, ọmọ Àjàní, ọmọ Ajílété. Bí mo bá fi ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́yìn níhìn-ín, kí ilẹ̀ tí mo tọ́ wò yìí má ṣe gbà mí."

Falilat wò ó, orí rẹ̀ wú. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ọkọ òun bá wà láyé, inú rẹ̀ á dùn sí ọmọ yìí.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, ó jáde sẹ́yìn ilé. Òjò ọ̀sán ti rin ilẹ̀ gbingbin. Ojú ọ̀run ti mọ́, kò sí ìkùukùu kan níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ewé góbà tó wà lẹ́bàá ògiri kò mì. Èéfín iná àwọn obìnrin kò gòkè, ó ń wọ́ nílẹ̀ lọ sí ìhà adágún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa koríko, ìrì ti ń wọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Baba rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé, "Òjò ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ mímọ́, atẹ́gùn tó sùn: má ṣe rìnrìn àjò láàárọ̀ ọ̀la, o ò ní rí ọ̀nà."

Akínyẹmí wá bá a níbẹ̀.

"Ọ̀la ni, Adúmáadán," ó sọ fún un. "Ọjọ́rú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló máa bo ibi gbogbo, kò sì ní gbéra kí aago mẹ́jọ tó lù."

"Ìyáàmi, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú bí mo ṣe ń wò ọ́ yìí."

"Tó bá wá di Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

"Má tiẹ̀ bá mi sọ ti Ọjọ́bọ̀. Nígbà yẹn, afẹ́fẹ́ á ti padà dé láti apá Shere. Oòrùn lásán la máa rí ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀la ni, ọkọ mi. Lọ sọ fún wọn kí wọ́n di ẹrù."

Akínyẹmí wo ìhà adágún. Ó wá ní, "Súmbọ̀ ti ń rọbí. Ẹ lọ jókòó tì í nínú yàrá ẹ̀yìn, ẹ má ṣe ìyọnu kankan. Èmi á sọ fún wọn. Nígbà tó bá tó àkókò, màá wá pè yín fúnra mi."

Falilat lọ. Kò rí Súmbọ̀ fi sílẹ̀ rárá títí ọmọ fi dé. Obìnrin ni, igbe rẹ̀ kò le, àmọ́ ara rẹ̀ yá. Falilat nu ọmọ, ó wé e, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rí i pé ìmọ́lẹ̀ ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó ṣílẹ̀kùn. Kùrukùru ti bo gbogbo ayé, ó funfun bí òwú, kò tilẹ̀ rí igi góbà tí kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí i. Ìdùnnú ta á lọ́kàn. Àmọ́ kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀, kò sì gbọ́ ohùn ẹnì kankan. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́ ni ìró ẹ́ńjìnnì, lọ́nà jíjìn, ní ìhà adágún, tó ń rọlẹ̀ lọ.

Ó sáré wọ ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn èèyàn ṣì nà sílẹ̀ lórí ẹní. Mùsílíù ló jí, ó ń kóná.

"Kí lẹ ṣì ń ṣe nílẹ̀?" Falilat kígbe. "Ẹrù yín dà?"

"Ẹrù kẹ̀? Hájíà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní Ọjọ́bọ̀ ni? Ọ̀gá ló sọ fún wa lálẹ́ àná. Ó ní Ọjọ́bọ̀ lẹ pè, pé ká fi òní sinmi dáadáa."

Wọ́n jọ sáré lọ síbi tí ọkọ̀ akẹ́rù máa ń wà. Ipa táyà nìkan ló kù lórí ẹrẹ̀. Yàrá Akínyẹmí ṣí sílẹ̀. Dára ìyàwó rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àpótí wọn kò sí níbẹ̀, mẹ́ta nínú ìbọn márùn-ún náà kò sí níbẹ̀.

Láti ọdún mẹ́rìndínlógójì tí Falilat ti wọ ilé àwọn Àjàní, orúkọ ọmọ náà kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó jáde lọ́jọ́ yẹn.

"Akínyẹmí ti lọ," ó ní.

Kíá ló yẹ kí wọ́n gbéra, wọn ò sì gbéra. Àríyànjiyàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́, aránṣọ kan tó ń gbé òdìkejì ilé Falilat, ní Akínyẹmí ò lè já wọn jù sílẹ̀, ó ní bóyá ó lọ yẹ ọ̀nà wò, bóyá ó lọ mú sójà wá. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bi Falilat léèrè bóyá ó dá a lójú pé Ọjọ́rú lòun sọ. Falilat pàápàá, láàárín àríyànjiyàn yẹn, ń tẹ́tí sí ìró ẹ́ńjìnnì bóyá ó ń padà bọ̀. Nígbà tí Taofeeq, ọkọ Jùmọ̀kẹ́, figbe ta pé, "Haba! Yálà òní ló pè tàbí ọ̀la, ṣé kùrukùru kọ́ lẹ ń wò yìí?" aago méje ti lọ dáadáa.

Wọ́n jáde tẹrùtẹrù. Wọ́n kọjá adágún àkọ́kọ́. Omi náà ò hàn, òórùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ń súnmọ́ ìkejì nígbà tí Falilat rí òjìji ara rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kó tó la ẹnu, kùrukùru náà ti gbéra bí ìgbà tí èèyàn ká aṣọ kúrò lójú òkú, òkè iyanrìn náà sì yọ níwájú wọn, àwọn ọkùnrin sì ń dìde dúró lórí rẹ̀.

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Gbogbo wọn yí padà, wọ́n sá. Taofeeq, tó pọn ìyá ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, gbé ìyá náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó rẹ̀, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Mùsílíù ló fa ìyá arúgbó náà padà délé. Wọn ò rí Taofeeq gbé.

Jùmọ̀kẹ́ kò sunkún. Ó wá dúró níwájú Falilat.

"Ẹ̀yin lẹ pa á," ó ní. "Ẹ sọ Ọjọ́bọ̀, ẹ tún sọ Ọjọ́rú. Ọ̀run tẹ́ ẹ ní ẹ mọ̀ yẹn, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ pa ọkọ mi."

Falilat lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó lè gba ti ọkọ̀, torí ẹ̀mí dùn, ẹ̀rù sì lè mú ẹnikẹ́ni sá. Ṣùgbọ́n Akínyẹmí ti jókòó, ó ti rò ó, ó ti mọ̀ pé ìró ẹsẹ̀ àádọ́ta èèyàn á jí àwọn tó wà lórí òkè, pé ọkọ̀ kan ṣoṣo lè sáré kọjá kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa yìnbọn sí. Ó wá nílò ohun tó máa mú kí gbogbo wọn sùn, ohun tó sì lò ni orúkọ Falilat. Ẹnu tí Falilat fi ń pàlọ́ fún ọmọ náà nígbà tí kò ní ìyá, ẹnu yẹn ló yá láìtọrọ, òun ló fi tan Taofeeq sí ikú.

Ọjọ́bọ̀ mọ́, oòrùn ràn gbòò, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti apá Shere bó ṣe sọ ọ́. Kò sí ẹni tó rántí láti wí i.

Ní Jímọ̀, ooru mú láti àárọ̀, irú ooru tí kì í mú ní Jọ́ọ̀sì. Gaàrí ti tán. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, afẹ́fẹ́ kú lójijì. Àwọn ewúrẹ́ tó kù ń ti ara wọn sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ débi pé ìyẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹrẹ̀. Falilat wo apá Shere. Ìkùukùu dúdú kan ti ń gun orí òkè náà bọ̀, abẹ́ rẹ̀ sì funfun bí eérú. Àgbẹ̀ Bẹ̀róòmù kan ló fi ìyẹn kọ́ baba rẹ̀: "Ìkùukùu tó bá fi ikùn funfun hàn ọ́, yìnyín ló lóyún."

Ó wọlé lọ bá Sójà Richard.

"Yìnyín ń bọ̀," ó ní. "Ńlá ni. Kò ní ju wákàtí kan lọ mọ́. Àwọn tó wà lórí òkè kò ní ilé, tapólì nìkan ni wọ́n ta. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lè dúró síbẹ̀ kó wo ọ̀nà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn, kì í sì ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Mùsílíù ní, "Hájíà, ẹ ṣàánú wa. Ẹ jẹ́ ká kú síbi tá a wà."

Sójà Richard yíjú sí Falilat. "Tá a bá ní a ò lọ ńkọ́?"

"Èmi á gbé ọmọ Súmbọ̀, Súmbọ̀ á di aṣọ mi mú, a ó lọ. Àwa mẹ́ta nìkan."

"Kai," ni Sójà Richard wí. Ó di ògiri mú, ó dìde. "Mo ti tẹ̀ lé àwọn ọ̀gágun tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tó báyìí. Ẹ wá nǹkan tẹ́ ẹ máa fi borí."

Wọ́n kó abọ́ ìfọṣọ, ìdérí ìkòkò, pákó ilẹ̀kùn, awẹ́ páànù. Wọ́n fi fóòmù ibùsùn bo Súmbọ̀ àti ọmọ rẹ̀. Gbogbo wọn wá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, Mùsílíù gbá ìdábùú rẹ̀ mú. Falilat ní wọn ò gbọdọ̀ jáde kí òkúta àkọ́kọ́ tó ba páànù. Wọ́n dúró. Ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ṣì dúró. Òjò ò rọ̀, afẹ́fẹ́ ò fẹ́, Falilat sì ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń mí lẹ́yìn òun, ó mọ ohun tí wọ́n ń rò.

Gbàà! Nǹkan kan ba páànù. Gbàà, gbàà. Lẹ́yìn náà, ariwo náà dà bíi pé ọkọ̀ òkúta dojú dé sórí ilé.

"Ó yá!" ni Falilat wí.

Yìnyín tó bọ́ lọ́jọ́ náà tó ẹyin àparò, òmíràn tó ẹyin adìyẹ. Ó ń lu omi adágún, omi náà ń hó. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń dìde. Falilat gbé ọpọ́n ìsáta lé orí, ó sì rí Jùmọ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò bo nǹkan kan, tí ẹ̀jẹ̀ ń gba iwájú orí rẹ̀ wálẹ̀, torí ó ti fi páànù tirẹ̀ bo ìyá rẹ̀. Falilat na ọpọ́n náà sí i. Jùmọ̀kẹ́ kò wò ó lójú, ṣùgbọ́n ó wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ kọjá ibi tí Taofeeq wà. Yìnyín ti bò ó funfun. Jùmọ̀kẹ́ dúró, Falilat náà dúró tì í, títí obìnrin náà fi tún gbẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti orí òkè, ìbọn kan dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ba ẹnì kankan.

Mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ Rayfield, pẹ̀lú ọmọ tuntun náà. Àwọn igi tó wà lójú ọ̀nà ti di ìhòòhò, ewé wọn kún ilẹ̀. Àwọn sójà ṣílẹ̀kùn ọgbà iléèwé náà fún wọn, àwọn tó ti wà níbẹ̀ jáde wá pẹ̀lú aṣọ àti tíì gbígbóná.

Akínyẹmí wà láàárín wọn.

Ó wọ súwẹ́tà tó mọ́. Nígbà tó rí Falilat, ojú rẹ̀ yí padà, ó wá sáré bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi yìnyín, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ìyáàmi! Ọlọ́run ṣeun! Mo ti ń sọ fún àwọn sójà láti ọjọ́ yìí..."

Dára ìyàwó rẹ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sunkún. "Mà, ó ní ẹ kọ̀ láti bá wa lọ. Ó ní ẹ ní ẹ ò lè fi ilé sílẹ̀."

Falilat wo Dára, ó rí i pé òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ, wọ́n ti purọ́ fún òun náà. Ó wá wo orí ọkùnrin tó wà nílẹ̀. Ewú ti ń hu nínú irun yẹn, irun tó ti gẹ̀ fún un láìmọye ìgbà. Àwọn èèyàn Láyìn Kùsà ti kóra jọ yí wọn ká. Jùmọ̀kẹ́ wà níwájú, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i lójú.

"Dìde," ni Falilat wí.

Ó dìde.

"Jùmọ̀kẹ́ nìyí. Ọkọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Sọ fún un, kó gbọ́. Ọjọ́ wo ni mo sọ fún ọ?"

Akínyẹmí wo Jùmọ̀kẹ́, ó wo Sójà Richard tó fara ti Mùsílíù, ó wo ilẹ̀. Ó súnmọ́ Falilat, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ohùn ọmọ tó fẹ́ kí ìyá òun bo àṣírí òun.

"Ìyáàmi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ ká ṣe é níta gbangba báyìí. Ẹ jẹ́ ká délé ná, ká sọ ọ́ nílé."

"Ilé wo?" ni Falilat bi í.